Ọbẹ̀ Tẹ̀tẹ̀ Mojísọ́lá

Nígbà tí ọkọ Sàrátù kú, ìsọ̀ tí obìnrin náà ti ń ta òwú àti bọ́tìnì fáwọn télọ̀ ní Òkèrèwè kò ṣí mọ́. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ rò pé opó ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n fídáù ogójì ọjọ́ kọjá, òjò àkọ́rọ̀ dé, orí bẹ́ẹ̀dì ló ṣì wà, tó kọjú sógiri.

Mojísọ́lá, ayálégbé rẹ̀, ló kanlẹ̀kùn. Ará Ìlá ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ìmọ̀ oúnjẹ ló sì kà níwèé. Kò wá sọ fún un pé kó gba kádàrá. Abọ́ ọbẹ̀ tẹ̀tẹ̀ ló gbé wá, ẹja tútù kún inú ẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀kọ gbígbóná.

"Màmá, ẹ fẹnu kàn án lásán."

"Kò wù mí."

"Mo mọ̀. Bí ẹ ò bá jẹun, ìbànújẹ́ yìí á túbọ̀ máa wúwo lọ́rùn yín ni."

Sàrátù jẹ díẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wà àti ẹyin ni. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ẹ̀pà. Mojísọ́lá ní irú oúnjẹ báwọ̀nyí máa ń fún ọpọlọ lókun, inú ènìyàn á sì fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Sàrátù kò gbà á gbọ́, títí di àárọ̀ ọjọ́ kan tó ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń gbálẹ̀ àgbàlá, tó ń fimú kọrin.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹun yìí ló ti tú ọ̀rọ̀ ikùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ ohun tí kò sọ fún ọmọ tó bí: pé inú ń bí òun sí ọkọ òun tó fi òun sílẹ̀, pé látìgbà tó ti kú, òun kò kírun mọ́.

"Èmi tí mo jẹ́ aṣíwájú àwọn obìnrin níbi àsàlátù," ló wí, omijé ń dà lójú ẹ̀.

Mojísọ́lá dì í mọ́ra. "Ọ̀dọ̀ mi ló parí sí, Màmá."

Nígbà tó yá, Mojísọ́lá ní òun fẹ́ bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ ní gbọ̀ngàn kan ní Ìrémọ, lórí oúnjẹ tó ń mú inú dùn. Ó ní kí Sàrátù bá òun lọ. Orí Sàrátù wú débi pé òun fúnra rẹ̀ ló pe àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù rẹ̀. Ó wọ léèsì, ó sì jókòó síwájú.

Mojísọ́lá sọ̀rọ̀ ẹja, ó sọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, àwòrán kan sì yọ gàdàgbà lára ògiri. Obìnrin kan ló sùn, ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀, irun ẹ̀ rí wúruwùru, ìró ẹ̀ ti tú dé itan. Àánú obìnrin náà ti ń ṣe Sàrátù kó tó rí i pé aṣọ bẹ́ẹ̀dì òun nìyẹn.

"Ìyá yìí kì í wẹ̀," ni Mojísọ́lá ń wí. "Kódà, ó pa ìrun tì, ó ń bínú sókùú." Àwòrán mìíràn yọ: Sàrátù tó gbé abọ́ lọ́wọ́, tó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ wo ohun tí oúnjẹ lè ṣe! Màmá, ẹ dìde kí wọ́n rí yín."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Sàrátù ti dìde kó tó mọ̀. Ó rí Alhaja Sẹ̀kínát, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ àsàlátù náà, tó yára wolẹ̀. Sàrátù mú báàgì rẹ̀, ó jáde, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé nínú oòrùn.

Nírọ̀lẹ́, Mojísọ́lá gbé abọ́ dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

"Màmá, mi ò kúkú dárúkọ yín."

"O ní kí n dìde."

"Ó máa ran àwọn obìnrin yẹn lọ́wọ́. Mo rò pé inú yín á dùn ni."

"Ìgbà wo lo ya fọ́tò yẹn?"

Mojísọ́lá wolẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

Ìyẹn ló dùn ún jù. Ṣé kí òun tó fọkàn tán an rárá ni ọmọ yìí ti mọ ohun tó fẹ́ fi òun ṣe? Gbogbo abọ́ tó ń gbé wá, ṣé tìtorí òun ni, àbí tìtorí fọ́tò kejì?

"Gbé oúnjẹ rẹ," ni Sàrátù wí. "Mi ò bínú sí ọbẹ̀. Ìwọ ni mi ò lè jẹun lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́."

Mojísọ́lá kúnlẹ̀, ó sunkún. Sàrátù ní òun ti gbọ́, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kò jẹun títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì jẹ lọ́jọ́ kejì. Ó wá rí i pé òun tún ti kọjú sógiri. Ẹ̀rù bà á. Ó dìde, ó lọ sọ́jà, ó ra tẹ̀tẹ̀ àti ẹja tútù, ó sè é bí Mojísọ́lá ṣe ń sè é, kò jẹ́ kí ẹ̀fọ́ náà jinná jù. Ó dùn. Ara rẹ̀ fúyẹ́. Ìyẹn gan-an tún bí i nínú, pé òótọ́ lọmọ náà sọ.

Ó ti ṣí ìsọ̀ báyìí. Òun àti Mojísọ́lá ń kí ara wọn lágbàlá: "Ẹ káàárọ̀ o, Màmá." "Káàárọ̀." Ó tán. Kò padà sí àsàlátù. Ilé ló ti ń kírun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, Alhaja Sẹ̀kínát yà sí ìsọ̀ náà, ojú ẹ̀ wú.

"Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn, ṣé lóòótọ́ ló ṣiṣẹ́? Torí pé èmi náà, látìgbà tí…"

Sàrátù gbọ́wọ́ sókè. "Alhaja, ẹ má sọ ọ́ fún mi."

Ó fà á wọlé, ó bu ẹ̀wà tó gbé wá látilé, ó gé ẹyin lé e lórí, ó fi síbí sí i.

"Ẹ jẹun."

Sẹ̀kínát ń jẹun, ó ń sunkún. Sàrátù kọjú sí títì, kò wo ẹ̀yìn títí Alhaja fi jẹ ẹ́ tán.