Ọ̀kẹ́ Kan Ó Dín Ẹyọ Kan

Títí dòní, bí mo bá rántí bí ọmọ yẹn ṣe kúnlẹ̀, inú á tún bí mi bíi pé àná ni.

Ọmọ Ìfọ́n ni mí, ṣùgbọ́n Ìlobù ni mo ti ṣe tíṣà ìṣirò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ará ilé mi a máa bi mí bóyá ilé ẹ̀kọ́ ti tán ní Ìfọ́n ni. Àwọn ará Ìlobù náà a máa rẹ ohùn sílẹ̀ tí mo bá wọlé bá wọn nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ìlú méjèèjì jọ ń jà sí. Mo fara da ìyẹn. Èyí tí n kò lè fara dà ni ti ọjọ́ ìdíje ìṣirò.

Ìfọ́n la ti ṣe é. Ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú ìlú méjèèjì ní Òṣogbo, ó sì ku Ràfíátù, akẹ́kọ̀ọ́ mi láti Ìlobù, àti ọmọkùnrin kan láti Ìfọ́n. Ìbéèrè ìkẹyìn ni pé ṣé práìmù ni 19,999, ìyẹn nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù àfi ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin ní bẹ́ẹ̀ ni. Ràfíátù ní rárá.

Adájọ́, àgbà olùkọ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Alájì, wo ìwé ìdáhùn, ó ní ọmọkùnrin ló gbà á. Ó jọ pé ẹni tó kọ ìwé náà fi méjì, mẹ́ta àti márùn-ún dán an wò, wọn kò pín in, ló bá lọ sùn.

Ràfíátù kúnlẹ̀ níwájú Alájì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà..."

"Mo ti dárí jì ọ́. Lọ jókòó."

Ta ló bẹ̀ ẹ́? Ọmọ fẹ́ tọ́ka àṣìṣe han àgbà, ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé, wọ́n wá sọ ẹ̀kọ́ ilé di ẹ̀bẹ̀. Mo dìde.

"Ràfíátù, nàró, kí o sọ ọ́."

Mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ́kọ́ pe nọ́ńbà bí àwọn bàbá wa ṣe ń pè é kí wọ́n tó pín in. Ọ̀kẹ́ kan ni 20,000.

"Ọ̀kẹ́ kan ó dín ẹyọ kan ni, sà," ó ní. "Tí ẹ bá pín ọ̀kẹ́ kan sí ọ̀nà méje, ẹyọ kan ló máa ṣẹ́ kù. Orúkọ nọ́ńbà yìí sì ti yọ ẹyọ yẹn kúrò."

Alájì kọjú sí mi. "Tíṣà, ṣé o rántí pé ọmọ Ìfọ́n ni ẹ́?"

"Méje ló pín in, Alájì. Méje kì í ṣe ará Ìlobù."

Wọ́n fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ó pín in lójú gbogbo wa, ó bọ́ sí 2,857, ohunkóhun kò ṣẹ́ kù. Alájì kùn díẹ̀, ó ní kó máa lọ sí Òṣogbo.

"Ṣùgbọ́n kúnlẹ̀, kí o dúpẹ́."

Kí n tó lanu, ó ti kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà. Ẹ bá wa fagi lé èyí tó wà nínú ìwé yẹn, kó má baà ṣi ẹlòmíràn lọ́nà."

Ó wà lórí eékún rẹ̀ títí Alájì fi mú bírò.