Káàdì Kan fún Ẹni Mẹ́ta

Ìbílọlá kì í jà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn, nítorí pé èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, oníjà ni mí, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní Ọjà Ọba. Ká ní ó bá mi jà lẹ́ẹ̀kan péré ni, bóyá n kì bá tí ní ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ọmọ Adó ni, láti ìdílé mùsùlùmí. Jùbrílù ọkọ rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ agégẹdú, kú nígbà tí ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Monínúọlá, wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ìbílọlá kò lọ́kọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó gba ìsọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi, ó ń ta mílíìkì alágolo, súgà, ìṣáná àti ọṣẹ. Olúfúnkẹ́, ọmọ Ìyìn, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, ọjà kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń tà. Bí Ìbílọlá bá fẹ́ kírun ọ̀sán, èmi ni mo ń bá a ṣọ́ ìsọ̀. Bí èmi bá lọ sí ìsọjí ní ṣọ́ọ̀ṣì Àládùúrà wa, òun ló ń bá mi ta tèmi. Ó ní ìwà kan: gbogbo agolo tó bá yọ nínú páálí ló máa ń fi etí ìró rẹ̀ nù, kó tó tò ó, kí ojú gbogbo wọn lè kọ sí ọ̀nà. Mo máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé àlejò ló ń retí ni. Á kàn rẹ́rìn-ín, á mú òmíràn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láyé: kí Monínúọlá ní ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀. Ọmọ náà ń kọ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ obìnrin kan ní Òkè-Ìlá, ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979 ni yóò sì gbòmìnira. Ẹni tó bá gbòmìnira tí kò ní ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ ọ̀gá náà ni yóò padà sí, yóò máa bá a ránṣọ gba owó oúnjẹ, ọdún á sì máa gorí ọdún. Ìbílọlá ti rí iwájú ilé kan ní Òkè-Ìlá tí ọmọ rẹ̀ máa gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí. Ó ti bá onílé sọ ọ́, onílé sì ti gbà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1978, Olúgbénga, tó ní ilé ìtajà ní Fájuyì níbi tí a ti ń ra ọjà, sọ fún wa pé kọ́ńpìnnì mílíìkì kan fẹ́ máa fún àwọn oníbàárà lẹ́bùn. Páálí kan tí èèyàn bá rà, òǹtẹ̀ kan lórí káàdì. Òǹtẹ̀ ọgọ́rùn-ún láàárín ọdún, ẹ̀rọ ìránṣọ kan. Wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ náà síwájú káàdì, ó dúdú, ó ń dán. Ìbílọlá gba káàdì náà, ó wò ó, kò tètè dá a padà.

A jókòó, a ṣírò rẹ̀. Ìbílọlá kò lè tà ju bí àádọ́rin páálí lọ lọ́dún, bẹ́ẹ̀ náà ni Olúfúnkẹ́. Èmi lè ta ọgọ́jọ. Tí a bá pa á pọ̀, ọ̀ọ́dúnrún nìyẹn, ẹ̀rọ mẹ́ta, ẹnì kan ẹyọ kan. Ohun tó lé lórí tèmi yóò kún tiwọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà, ẹ má rò pé ìkà ni mí.

Olúgbénga na káàdì mẹ́ta sí wa. Èmi ni mo dá méjì padà.

Ọmọ àgbẹ̀ Ìgèdè ni mí, inú àáró ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Bí ẹni mẹ́ta bá ń ṣe àáró, wọn kì í pín ara wọn sí oko mẹ́ta lọ́jọ́ kan náà. Oko ẹnì kan ni gbogbo ọkọ́ ń wọ̀, ó di ìgbà tí wọ́n bá ro ó tán kí wọ́n tó bọ́ sí ti ẹnì kejì, ọ̀dọ̀ àgbà ni wọ́n sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí gbogbo òǹtẹ̀ wọ káàdì kan, kí a kọ orúkọ mi sí i gẹ́gẹ́ bí àgbà, tó bá pé ọ̀ọ́dúnrún a ó lọ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbílọlá rọra ní, "Ìyá Bámidélé, tí oníkálukú bá mú tirẹ̀ lọ sí ulé rẹ̀ ńkọ́?"

Mo bú mọ́ ọn. "Ṣé o rò pé mo fẹ́ jẹ tìrẹ mọ́ tèmi ni?"

"Rárá o. Ẹ má bínú." Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí ọdún fi parí.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Káàdì náà fẹ́lẹ́, òjò sì máa ń wọ ìsọ̀ wa. Mo po ògì kó ki, mo fi lẹ ẹ̀yìn káàdì mọ́ ara páálí òfìfo kan tí mo gé, mo fi ọmọ ọlọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì, ó le gan-an. Wọ́n yìn mí fún un. Lẹ́tà wínníwínní wà lẹ́yìn káàdì náà, lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, mo rí i. Mo rò pé àdírẹ́sì wọn ni, mo sì lẹ̀ ẹ́ pa láìkà á.

Oṣooṣù ni Olúgbénga ń kọ iye páálí sí ìlà oṣù náà, tó sì ń tẹ òǹtẹ̀ lé e. A kọjá ọgọ́rùn-ún kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Olúfúnkẹ́ ní ká lọ gba ti àkọ́kọ́ ná. Mo ní oko kò tíì tán, ẹ jẹ́ kó pé. Nígbà tó fi máa di ìparí oṣù kọkànlá, ó ku àádọ́ta, ọjà sì kùtà. Olúfúnkẹ́ àti èmi fi ipá ra mẹ́wàá. Ìbílọlá ta rédíò Jùbrílù, ó ta aṣọ òfì ìgbéyàwó rẹ̀, ó ra ogójì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó tò wọ́n sí yàrá títí dé àjà, òun àti ọmọ rẹ̀ sì ń sùn sí àlàfo tó ṣẹ́ kù. Mo lọ wò ó, mo ní, "O ṣe bí akin."

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Àkúrẹ́. Akọ̀wé kan gba káàdì, ó wò ó, ó kí wa kú oríire. Ó wọlé, ó gbé ẹ̀rọ kan jáde, ó ní kí n wá tọwọ́ bọ̀wé. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. A dúró. Ó wò wá, àwa náà wò ó.

"Méjì tó kù ńkọ́?" ni mo bi í.

Ó yí káàdì padà, ó rí páálí. Ó ní kí wọ́n bu omi wá, ó rin ín, ó ń ṣí i díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́tà fi yọ. Ó kà á fún ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ó sọ ọ́ lédè Yorùbá, ó rọra sọ ọ́, kò fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀bùn kan péré ni káàdì kan lè gbà láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, iye yòówù kí òǹtẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Èyí tó bá lé ní ọgọ́rùn-ún, òfo ni. Kò ṣeé gbé sórí káàdì ẹlòmíràn, kò ṣeé gbé wọ ọdún tó ń bọ̀.

"Ká ní káàdì mẹ́ta lẹ gbà, màmá, ẹ̀rọ mẹ́ta ni ẹ̀ bá gbé lọ lónìí. Ọ̀fẹ́ sì ni káàdì."

Mo pariwo. Mo bú u, mo bú ìyá tó bí i, mo pe kọ́ńpìnnì náà lólè. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń pariwo náà ni mo ń rí ògì tí mo pò lórí tábìlì rẹ̀, tó ti di omi funfun. Ìbílọlá ló fà mí láṣọ.

"Ìyá, ẹ jẹ́ á rulé."

Nínú ọkọ̀, ẹ̀rọ náà wà láàárín ẹsẹ̀ mi. Bí a ṣe kọjá Ìkéré, Olúfúnkẹ́ ní, "Tèmi lè dúró. Ọmọ Ìbílọlá ló nílò rẹ̀ báyìí." Ìbílọlá fúnra rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, "Orúkọ àgbà ló wà lórí rẹ̀. Àáró kì í fo oko. Lọ́dún tó ń bọ̀ á kan tèmi."

Ó yẹ kí n sọ pé kó gbé e. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e fún un, mo ti jẹ́wọ́ nìyẹn pé èmi ni mo ba ọ̀rọ̀ jẹ́, lójú Olúfúnkẹ́ àti gbogbo èrò ọkọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ojú tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Kò sí ọdún tó ń bọ̀. Ní oṣù kìíní, Olúgbénga já àwòrán ẹ̀rọ tó lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìtajà rẹ̀ kúrò, ó ní kọ́ńpìnnì kò fún ẹnikẹ́ni ní káàdì mọ́. Monínúọlá gbòmìnira, wọ́n ṣàdúrà, a jẹ ìrẹsì, ní ọjọ́ kejì ó padà sórí àga ọ̀gá rẹ̀. Onílé fi iwájú ilé náà fún ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ìbílọlá sì ní páálí ogójì nínú yàrá. Ó ń rù wọ́n lórí lọ sí Ìyìn, ó ń rù wọ́n lọ sí Ìgèdè, ó ń tà wọ́n ní owó tó kéré sí iye tó fi rà wọ́n. Ooru mú kí àwọn agolo kan wú, ó dà wọ́n nù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo ní kó sinmi, ó ní ó máa sinmi tó bá tà wọ́n tán.

Ẹ̀rọ wà ní yàrá mi, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé Bíbélì àti fìtílà lé e. Kò sí ẹni tó mọ aṣọ rán nílé mi. Bámidélé, ọmọ mi kan ṣoṣo, wà ní Ìbàdàn. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé lọ́la ni n ó gbé e lọ. Ìgbà kan tí ẹsẹ̀ ń dùn mí, Ìbílọlá wá kí mi. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà gan-an ló jókòó sí. Nígbà tó fẹ́ dìde, aṣọ yọ̀ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku ara irin, ó fa aṣọ bò ó padà, ó sì kí mi pé ó dàárọ̀. Mo ń retí kó béèrè. Mo rò pé òun náà ń retí kí n fún òun.

Àárọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan ní oṣù kẹjọ ni ọ̀rọ̀ kàn wá lọ́jà pé Ìbílọlá ti kú. N kò palẹ̀ ọjà mọ́. Mo ra ọ̀pá mẹ́wàá aṣọ funfun, mo pe alábàárù méjì, a gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé rẹ̀ tòun ti aṣọ tí mo fi bò ó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ̀wù funfun ni a máa ń rán fún òkú, ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Ó kéré tán, ọmọ rẹ̀ á fi ẹ̀rọ náà rán aṣọ ìkẹyìn ìyá rẹ̀.

Mo gbé e kalẹ̀ ní àgbàlá níwájú Monínúọlá. Mo ní, "Gbà á, ọmọ mi. Rán aṣọ ìyá rẹ. Tìrẹ ni."

Ọmọ náà kò wo ẹ̀rọ, ojú mi ló ń wò. Àáfà Àkíbù, tó wá darí ìsìnkú náà lórúkọ ìdílé, ló dá mi lóhùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bíi ti akọ̀wé Àkúrẹ́.

"Ẹ ṣeun, ìyá. Aṣọ òkú tiwa kì í gba maṣíìnì. A ó gé e, àwọn obìnrin á fi wé e, ó tán."

Wọ́n gé aṣọ mi, wọ́n fi wé e. Kí aago mẹ́rin tó lù, a ti sin ín. Mo fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ní àgbàlá wọn, mo sì lọ sílé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn, mo bá ẹ̀rọ náà lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ti nù ún mọ́ tónítóní, wọ́n fi aṣọ tí mo fi ń bò ó bò ó, wọ́n sì kọ ojú rẹ̀ sí ọ̀nà.