Orúkọ Dàpọ̀ Nínú Àdúrà Àárọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Mùṣin, kò sí ọmọ tó gbọ́dọ̀ fẹnu kan ẹ̀kọ nílé wa láìjẹ́ pé a ti gbàdúrà àárọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ irú rẹ̀. Agogo kékeré màmá mi á dún nígbà tí oorun dùn jù, a ó kúnlẹ̀ lórí ẹní, òórùn àkàrà á máa ti ojúde wọlé wá bá wa, inú wa á sì máa kùn. Màmá kì í kánjú. Á dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí èmi Ṣadé, àkọ́bí, títí dé orí Dàpọ̀, àbíkẹ́yìn. Bí Dàpọ̀ bá ti gbọ́ orúkọ tirẹ̀ báyìí, á ké "Àmín!", á sì dìde lọ sídìí àwo. Àìmọye ìgbà ni mo já a léèékánná nítorí ìyẹn.

Èéyi ló pa á. Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ilé ìwòsàn tí a gbé e lọ, wọ́n ní ká padà wá lọ́jọ́ kejì. Dàpọ̀ kò rí ọjọ́ kejì. Òbí kì í fojú kan sàréè ọmọ, nítorí náà àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé e lọ. Wọ́n kó bàtà rẹ̀ àti ife rẹ̀ dání, bí ẹni ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Inú bí mi débi pé n kò lè sunkún.

Àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tilẹ̀ pàṣẹ pé a kò gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ náà mọ́, kí òmíràn lè wá. Fún ọjọ́ mẹ́fà, Màmá kò lu agogo, kò jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí pé òun náà fẹ́ kú ni.

Lọ́jọ́ keje, bí Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe tún sọ ọ̀rọ̀ omi yẹn, mo pariwo mọ́ wọn: "Dàpọ̀ kì í ṣe omi!" Èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá, sí àgbà! Ìgbátí wọn dún létí mi, ó di orí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ lókè. Níbẹ̀ ni mo ti ń bá Ọlọ́run jà nínú mi, mo ń bi í pé ṣé etí rẹ̀ di ní gbogbo àárọ̀ tí a fi pe orúkọ ọmọ yẹn ni.

Màmá dìde. Ó mú agogo, ó lù ú lọ́sàn-án gangan, ó sì kúnlẹ̀ tì mí. Ó dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí Dàpọ̀, kò fò ó.

"Olúwa, Dàpọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ. Inú ń bí mi sí ọ. Síbẹ̀, ìwọ náà ni mo ní. Gbé mi dìde."

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ figbe ta: "Èèwọ̀! Ta ló ń bínú sí Ọlọ́run?"

Màmá ní, "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi. Láràárọ̀ ni mo ń bá a sọ̀rọ̀, mi ò lè purọ́ fún un."

Ó jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Láyé òde òní, bí ọmọ bá kú, fọ́tò rẹ̀ á gba orí fóònù kan, pásítọ̀ á sì ní kí ìyá ọmọ nu omijé rẹ̀ nù, pé onígbàgbọ́ kì í sunkún. Ọ̀rọ̀ omi ìjọ́sí náà ni. Inú wọn ṣì ń bí mi.

Màmá ti lọ bá ọmọ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni agogo wà. Láràárọ̀, mo ń dárúkọ àwọn ọmọ mi, mo sì ń dárúkọ Dàpọ̀. Bí mo bá ti dé orí rẹ̀, èmi ni mo ń bá a ṣe Àmín, kíákíá, kí àdúrà tó parí.