Ọkùnrin Ẹ̀gbẹ́ Ẹṣin

Òórùn awọ ìjánu tó ti gbó, tí a fi òróró àgbọn pa, ló máa ń gbé mi padà sí yàrá kan ní Igbein, níbi tí mo gbé nígbà tí mo ṣì rò pé mo gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi náà á wọkọ̀ lọ sí Èkó bíi ti gbogbo òṣìṣẹ́ tí oúnjẹ wọn wà l'Ékòó tí ibùsùn wọn wà l'Ábẹ́òkúta. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, mo ti padà sídìí irin mi. Irin ẹṣin ni, ti àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin Jámánì ayé àtijọ́. Mo ní kẹ́sẹ́ méjì tí wọ́n fi ń gún ẹṣin níhà kó lè sáré, mo ní irin ìtẹsẹ̀ kan, mo ní ìjánu, mo sì ní fọ́tò bí ogún: àwọn ẹlẹ́ṣin onítúbọ̀mu tí wọ́n jókòó bí ẹni pé ayé kò ní yí padà láéláé. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń rà wọ́n. Àwa tí à ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ jọ ní ojú-ewé kan níbẹ̀ tí a ti ń fi tiwa han ara wa. Èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn, inú mi sì ń dùn sí i bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ẹlẹ́ṣin-àìlẹ́ṣin ni àwọn ará ilé ń pè mí. Ìyá onílé wa ló sọ mí lórúkọ náà, arúgbó kan láti ìdílé àwọn Mùsùlùmí tó ń tajà aṣọ láti ayébáyé. Bí màámà yìí bá ti rí mi pẹ̀lú páálí tuntun lọ́wọ́, wọ́n á ní, "Ọmọ mi, o ra kẹ́sẹ́, o ra ìjánu. Ọjọ́ wo wá ni ẹṣin ń dé, ká lè tètè wá koríko?"

Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ mọ́ mi ni ìwé ẹ̀sùn. Mo kọ ọ́ sí àwọn oníná, mo kọ ọ́ sí ẹni tó ń bá wa kó ìdọ̀tí, mo kọ ọ́ sí oníbúrẹ́dì tí búrẹ́dì rẹ̀ ní ihò láàárín. Gbogbo ẹ̀sùn ni mo ń fi nọ́ḿbà sí. Lójú tèmi, ẹ̀sùn tí kò ní nọ́ḿbà, ariwo ọjà lásán ni. Ó dá mi lójú nígbà náà pé ẹni tó bá lè to àṣìṣe ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, òun fúnra rẹ̀ kò lè ṣàṣìṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, màámà onílé pè mí sí yàrá wọn. Wọ́n ki ọwọ́ bọ àpò awọ tí wọ́n ń fi Kùránì sí, wọ́n sì fa fọ́tò kan yọ. Jámánì kan ló wà lórí ẹṣin dúdú, ó dé fìlà ńlá tí wọ́n ká létí kan sókè. Létí fọ́tò náà, lápá òsì, ọ̀dọ́mọkùnrin dúdú kan di ìjánu ẹṣin mú.

Mo ní, "Ẹ̀yin màámà, ẹ mọ ohun tí ẹ ní lọ́wọ́ yìí? Àwòrán Jámánì nìyí o!"

"Jámánì kẹ̀? Àwòrán bàbá mi ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọjọ́ orí ló ń sọ̀rọ̀. Ni wọ́n bá sọ fún mi bí bàbá wọn ṣe gbé obì lọ tà ní Kamẹrúùnù nígbà tí àwọn Jámánì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀, bí wọ́n ṣe mú un sídìí ìtọ́jú ẹṣin, àti bí ẹṣin dúdú yẹn kò ṣe gbà fún ẹnikẹ́ni, kódà ẹni tó ń gùn ún, àfi tí bàbá wọn bá dì í mú. Ìdí nìyẹn tó fi bọ́ sínú fọ́tò. Ọmọ ọjọ́ ogbó ni màámà. Kékeré ni wọ́n wà nígbà tí bàbá wọn kú, fọ́tò kan ṣoṣo yìí ló sì kù tí wọ́n fi ń rántí ojú rẹ̀. Ó ti ń ṣá. "Bá mi gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sọ fọ́tò di ńlá," ni wọ́n wí. "Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ hàn kí n tó di ojú tèmi."

Mo ṣèlérí pé yóò délé ní Jímọ̀ tó ń bọ̀. Etí kan ni mo fi gbọ́ ìtàn náà. Bọ́tìnnì ara aṣọ Jámánì yẹn ni mo ń kà. Mo mọ orúkọ irin ẹnu ẹṣin náà ní èdè Jámánì. Orúkọ bàbá màámà ni mi ò béèrè.

Mo gbé fọ́tò náà fún onífírémù kan ní Ṣàpọ́n. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa, mo ń sáré lọ bá ọkọ̀ Èkó, mo sì kọ ohun tí mo fẹ́ sínú bébà kékeré, mo fi lé e lọ́wọ́. Kí n má parọ́, tèmi ni mo kọ́kọ́ rò. Àwọn tí a jọ ń kó ẹrù jọ fẹ́ràn fọ́tò tó mọ́, ẹlẹ́ṣin àti ẹṣin nìkan. Mo ní tí tèmi bá ti jáde, n óò padà wá ṣe ti màámà.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Ẹtì, ẹlẹ́ṣin ti wà nínú fírémù dúdú, gíláàsì ń dán. Ṣùgbọ́n fọ́tò gan-an ni onífírémù fi abẹ gé kó tó sọ ọ́ di ńlá, kì í ṣe ẹ̀dà. Ó ti gbá èyí tó gé kúrò pọ̀ mọ́ pàǹtí, ó ti dáná sun ún. Mo pariwo títí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì fi yọjú. Ohun kan ṣoṣo ló ń sọ: "Ọ̀gá, ohun tẹ́ ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe." Mo ní irọ́ ni. Mo délé, mo kọ ẹ̀sùn mọ́kànlá ránṣẹ́ sí i. Ìkíní, ó gé ojúlówó. Ìkejì, abẹ rẹ̀ kò mú, etí bébà rí játijàti. Ìkẹta, gọ́ọ̀mù kán sí ìrù ẹṣin. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń to ó lọ. Nínú mọ́kànlá náà, kò sí ọ̀kan tó sọ pé èèyàn kan ti wà nínú fọ́tò yẹn rí.

Màámà gba fírémù náà, wọ́n fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Bàbá mi dà?"

"Onífírémù ló gé wọn, mà. Aláìmọṣẹ́ ni."

Nígbà tí mò ń sọ ọ́, nǹkan kan ti ń gún mi láyà nípa bébà tí mo kọ. Síbẹ̀, mo sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n rọra rìn dé Ṣàpọ́n, bóyá èyí tí wọ́n gé kúrò ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Wọ́n padà dé pẹ̀lú bébà kan tí wọ́n ká sí méjì. Màámà gbọ́ kéú dáadáa, ṣùgbọ́n wọn kò kàwé Yorùbá rí. Wọ́n ní, "Onífírémù ní ìwọ ni kí n fún. Ó ní kí o kà á sí mi létí, kó má bàa dà bíi pé òun ń ṣàròyé."

Mo ṣí i. Ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ ni. Mo tiẹ̀ sàmì sí ọ̀rọ̀ kan. Mo kà á: "Ẹ bá mi sọ ẹṣin àti ẹlẹ́ṣin yìí di ńlá, kí ẹ fi fírémù dúdú sí i." Mo ká bébà náà padà. "Ó tán, mà."

"Kò tán. Ìlà méjì ni mo rí níbẹ̀. N ò lè ka ìwé, ṣùgbọ́n mo lè ka ìlà."

Mo bá kà á: "Ẹ gé ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ kúrò, kò wúlò."

Ẹyẹlé ń ké lórí páànù. Màámà kò pariwo, wọn kò ṣépè. Wọ́n kàn ní, "Ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ yẹn ló bí mi." Wọ́n wá ní, "Tún un kà." Mo tún un kà.

Wọ́n gbé fírémù náà lọ, n kò sì lẹ́nu láti sọ pé tèmi ni. Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé abẹ kò gé gbogbo rẹ̀ tán. Ìka mẹ́rin ṣì wà lára ìjánu.

Mo lọ bẹ onífírémù. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ̀sùn mọ́kànlá yẹn ńkọ́?" Mo ní mo wá gbà á padà ni. Ó wò mí títí. "Ẹ fi ìkejìlá sí i, tiyín, kẹ́ ẹ tó máa kó o lọ."

Mo kó kúrò ní Igbein lọ sí Òkè-Ìlewó. Nígbà Iléyá, ìtìjú ò jẹ́ kí n lọ, ìtìjú náà ni kò sì jẹ́ kí n jókòó, mo bá lọ kí wọn kú ọdún. Fírémù náà wà lára ògiri lókè ibùsùn wọn. Bébà dúdú bo gbogbo rẹ̀, ó ku fèrèsé kékeré kan láàárín, níbi tí ìka mẹ́rin ti di awọ mú. Mo béèrè bóyá wọ́n ti gé ẹlẹ́ṣin náà dànù.

"Kí ni n óò gé e fún? Ẹlẹ́ṣin ò ṣẹ̀ mí. Mo ní kí onífírémù bò ó ni. Abẹ́ ibẹ̀ ló wà, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí i, yóò rí i."

Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Èmi tí mo ka ìwé dé yunifásítì, ọ̀rọ̀ tí mo rí kọ, tí mo tún sàmì sí, ni "gé". Arúgbó tí kò kàwé ló rántí pé èèyàn lè bo nǹkan.

Ọjọ́ yẹn ni mo tó béèrè orúkọ bàbá wọn. Wọ́n sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, pẹ̀lú oríkì rẹ̀, kí n má bàa ṣì í pè. Màámà ti papò dà báyìí, mo sì ti fi gbogbo irin mi tọrẹ. Bébà kékeré yẹn nìkan ni mo fi pamọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kọ orúkọ náà sí, ní ìlà kan, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pé. Tí mo bá gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo máa ń rí iwájú àti ẹ̀yìn papọ̀. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì.