Adùn Tí Saadat Ń Wá Nínú Òtútù

Láti ìgbà tí wọ́n ti dá aago padà sẹ́yìn ní ìparí oṣù Kẹwàá ni inú ti ń bí Saadat. Kì í ṣe pé ẹnì kan ló ṣẹ̀ ẹ́. Ojú ọjọ́ ni. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi máa ń jáde nílé wọn ní Thamesmead, ní London, lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn. Yóò wẹ ìyá àgbà kan, yóò fún bàbá kan ní oògùn, yóò tún sáré bọ́ sínú bọ́ọ̀sì lọ sílé ẹlòmíràn. Nígbà tó bá fi rántí pé òun kò tíì rí oòrùn, oòrùn ti lọ. Ọmọ Ìbàdàn ni, ó mọ ọyẹ́. Ó mọ òtútù tí ń mú kí ètè bó láàárọ̀, tí oòrùn ọ̀sán á sì lé e lọ. Ṣùgbọ́n òtútù London yìí kò ní ọ̀sán. Ó dà bí àlejò tí kò gbé ẹrù wá, síbẹ̀ tí kò múra àtilọ.

Ohun tó tún wá dá kún un ni Ismaheel, ọkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó rìnrìn àjò, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ni. Táìsì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri ló ń tà ní Ìwó Road, bí ààwẹ̀ bá sì dé, òun ni aṣáájú àwọn oníwéré àdúgbò Yemẹ́tù, àwọn tí ń kọrin jí ará àdúgbò fún sààrì. Ní báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìkẹ́rùsí kan. Bó bá ti ibẹ̀ dé, yóò kírun, yóò jẹun, yóò sì fa kúbùsù borí. Bí Saadat bá bá a sọ̀rọ̀, "hùn" ni. Bí Moráyọ̀, ọmọ wọn ọlọ́dún méje, bá gbé àwòrán tó yà nílé ìwé wá, "ó dáa" ni. Saadat á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á máa wo kúbùsù náà, á sì máa ṣe é bíi pé kó fà á ya.

Nínú àwọn arúgbó tó ń tọ́jú, ọ̀kan wà ní Glyndon Estate tó ń jẹ́ Daddy Japheth. Ọmọ Jamaica ni, ó ti wa bọ́ọ̀sì fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Saadat ṣí kọ́tìnì fèrèsé, ó rí òjò wínníwínní, ó pòṣé.

Daddy Japheth ní, "Kí ni fèrèsé mi ṣe fún ọ?"

"Ẹ má bínú, Daddy. Oṣù yìí ló ti sú mi."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní òun náà bá oṣù Kọkànlá jà lọ́pọ̀ ọdún nígbà tí òun kọ́kọ́ dé, oṣù náà ló sì ń borí. Ìyàwó òun tó ti dolóògbé ló parí ìjà. "Ó ní kí n yé bèèrè ohun tí oṣù náà kò ní lọ́wọ́ rẹ̀. Kí n wo nǹkan kékeré tó ní. A máa ń tan àbẹ́là nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú, a ó mu ọbẹ̀ gbígbóná. Lọ́jọ́ tí a kò bá lọ síbi iṣẹ́, a ó wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èèyàn àti mọ́tò sọdá odò ní Woolwich, a ó lọ, a ó bọ̀, a kàn ń wo omi ni. Ìwọ àti ọkọ rẹ ńkọ́? Kí lẹ jọ ń ṣe?"

Saadat gbé ìbéèrè náà lọ́kàn jáde. Ó wá nǹkan tí òun àti Ismaheel jọ ń ṣe títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, kò rí i. Ìyẹn ló wá múnú bí i jù.

Nígbà tó ń lọ sílé, ó ra àbẹ́là tó ń ta sánsán bí èso, ó ra ṣokoléètì tí wọ́n ń pò mọ́ wàrà. Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, ó pa iná pálọ̀, ó tan àbẹ́là sórí tábìlì, ó sì gbé wàrà kaná. Ismaheel jáde láti inú yàrá, ó ń nu ojú.

"Iná ti lọ ni?"

"Iná ò lọ. Mo tan àbẹ́là ni, kí ilé lè rí bí ilé."

"Háà! Èmi tí mo ti lo jẹnẹrétọ̀ títí ó fi sú mi, tí mo sì dúpẹ́ pé mo dé ibi tí wọn kì í ti í múná lọ. Ìwọ wá ń fi ọwọ́ ara rẹ pa iná!"

Moráyọ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Daddy, you're so funny." Níbi tí Saadat ti ń wá èsì tó máa fún wọn, wàrà hó, ó dà bo sítóòfù, èéfín sọ, ẹ̀rọ tó ń ké bí iná bá fẹ́ jó ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Ismaheel gun àga, ó ń fi tówẹ̀lì fẹ́ ẹ. Saadat fẹ́ àbẹ́là pa, ó tan iná pálọ̀, ó sì nu sítóòfù láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n olórí kunkun ni. Lọ́jọ́ tí kò níṣẹ́, bó ṣe mú Moráyọ̀ dé ilé ìwé tó sì padà wálé, ó fún Ismaheel láyè kó sùn díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fa kúbùsù kúrò lórí rẹ̀.

"Bàbá Moráyọ̀, ẹ dìde. A ń jáde."

"Lọ síbo?"

"Lọ wo odò."

"Odò? Ṣé odò fẹ́ lọ síbì kan ni?"

Ó múra ṣá, ó ń ráhùn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi dé Woolwich, kùrukùru ti bolẹ̀ débi pé orí ilé gíga kò hàn mọ́. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté. Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì yẹ́lò sì ń juwọ́ sí àwọn mọ́tò pé kí wọ́n ṣẹ́rí padà. Ó ní ọkọ̀ kò lè rìn nínú irú kùrukùru báyìí, òun kò sì mọ ìgbà tó máa ká.

Ismaheel ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Mo ti sọ fún ọ. Oorun tí ì bá ti dára lára mi."

Ibẹ̀ ni inú tí Saadat ti ń pa mọ́ra ti tú. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn, kò yọ "ẹ" kúrò nínú ọ̀rọ̀ tó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ rí. Lọ́jọ́ náà, ó yọ ọ́.

"Oorun, oorun! Kí lo tún mọ̀? Mo tan àbẹ́là, o fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo mú ọ wá síta, ò ń ráhùn. Ọkọ ni mo fẹ́, kúbùsù ni mo ń bá gbé!"

Ọkùnrin oníyẹ́lò kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni tí kò gbọ́. Ismaheel yọ ọwọ́ kúrò nínú àpò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Saadat, ṣé o rò pé ó wù mí bẹ́ẹ̀ ni? Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tí a gbà níbí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ alẹ́, lóru ọjọ́ kan tí o wà níbi iṣẹ́, mo ń gbé oúnjẹ sààrì kaná, mo ń kọrin wéré. Mi ò pariwo o. Ará ilé kejì gbá ògiri mọ́ mi bí ẹni ń lé ewúrẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti mọ ibi tí mo lè gbé ohùn mi sí nílùú yìí. Bí mo bá ti fẹ́ lanu, ògiri yẹn ni mo ń gbọ́."

Saadat kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí. Àánú ṣe é, síbẹ̀ ìbínú kò tíì kúrò nílẹ̀. Ó kàn ní, "Bí ọkọ̀ kò bá lọ, ẹ jẹ́ ká fẹsẹ̀ rìn. Mi ò ní padà sílé lásán." Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó gba abẹ́ odò kọjá. Ilé róbótó tí wọ́n ń gbà wọlé sínú rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀.

Wọ́n gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, ọ̀nà gígùn kan ló na tàrà síwájú, táìsì funfun ló sì bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ismaheel dúró. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri bí ẹni ń pa ẹ̀yìn ọmọ.

"Ta ló lẹ táìsì yìí?" Ó gbé ìbéèrè náà jáde ketekete, ògiri sì dá a lóhùn: yìí, yìí, yìí.

Ó wo Saadat. Ó wúkọ́ díẹ̀, ògiri wúkọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọwọ́ di etí kan, bó ṣe máa ń ṣe ní Yemẹ́tù:

*Ẹni tó sùn kó jí o,*
*Ọlọ́run ló ni òru, Òun ló ni oòrùn.*

Ohùn náà rìn lọ sábẹ́ odò, ó padà wá, ó sì ti pọ̀ bí ohùn èèyàn púpọ̀. Ara Saadat bù máṣọ. Obìnrin kan tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé kọjá, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ismaheel tún gbé ẹsẹ orin kejì. Àárín rẹ̀ ló wà nígbà tí ọkùnrin kan tó ń fa kẹ̀kẹ́ ológeere bọ̀ dúró níwájú wọn, tó sì fa ojú ro.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó di dandan?"

Orin dá mọ́ Ismaheel lẹ́nu. Saadat rí i bí èjìká ọkọ rẹ̀ ṣe wálẹ̀, ó sì dà bíi pé gbogbo oṣù Kọkànlá ló dúró síwájú òun pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Saadat kò mọ orin kọ. Moráyọ̀ gan-an máa ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má kọrin. Ṣùgbọ́n ó la ẹnu, ó sì gbe orin náà pẹ̀lú ohùn tó ya:

*Òun ló ni oòrùn o, Òun ló ni oòrùn!*

Ọkùnrin náà mi orí, ó fa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ismaheel fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Saadat! Ohùn rẹ burú o!"

"Ẹ̀yin náà ẹ kọ ọ́ kó dára!" Ó sì kọ ọ́. Wọ́n jọ kọ ọ́ títí wọ́n fi dé òdìkejì.

Kò sí nǹkan kan lókè lóhùn-ún. Kùrukùru ni, wọn kò rí Woolwich tí wọ́n ti wá, wọn kò sì rí ibi tí wọ́n ti lè mu tíì. Wọ́n tún ní láti sáré padà nítorí ọmọ. Bọ́ọ̀sì kò tètè dé, wọ́n pẹ́ dé ilé ìwé, tíṣà sì wò wọ́n bákan. Nínú ilé, wọ́n tún ṣe àríyànjiyàn lórí ẹni tó fi àkókò ṣòfò. Ismaheel fa kúbùsù borí kó tó lọ síbi iṣẹ́.

Ní Sátidé, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ṣàìsàn, wọ́n sì ní kí Saadat wá dí àlàfo rẹ̀. Ó ń dúró de bọ́ọ̀sì ní Plumstead, òjò ń lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ohùn ni Ismaheel fi ránṣẹ́. Saadat gbé e sétí: ohùn ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́, ó ń dún sẹ́yìn-dún síwájú bíi ti ọ̀nà abẹ́ odò, lẹ́yìn náà ohùn tín-ín-rín Moráyọ̀ gbe é, Yorùbá rẹ̀ wọ́ díẹ̀, kò sì rántí ibi tí orin parí sí.

Saadat tẹ fóònù, ó sọ̀rọ̀ sí i tìbínú-tìbínú: "Bàbá Moráyọ̀! Ẹ ò lè dúró dè mí? Ta ló kọ́kọ́ mú yín débẹ̀ ná?"

Ó fi ránṣẹ́. Bọ́ọ̀sì kò tíì yọ. Ó fa fìlà ẹ̀wù rẹ̀ borí, ó sì tún gbé orin náà sétí.