Àgádágodo Ṣúgà

Èmi kì í ṣe oníkéèkì. Mo máa ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn mi ní Òkòtà, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Ìsọlọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí mo ti ń ṣọ́ páálí tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè. Kéèkì ni mo fi ń sinmi. Àwọn kan ń wo bọ́ọ̀lù, àwọn kan ń ṣọ́ aládùúgbò wọn láti ojú fèrèsé. Èmi ń po ṣúgà títí yóò fi rọ̀, màá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, màá sì fi bo kéèkì tí mo ti gbẹ́ bí ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí n ṣe.

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ kéèkì mọ́. Nǹkan mìíràn ni wọ́n fẹ́, kí ó ṣáà ti ṣe é jẹ. Obìnrin kan ní Àgọ́ Palace ní kí n ṣe báàgì ìfàlọ́wọ́ òun. Mo ṣe é, ó gbé e yẹ̀ wò, ó ní síìpù rẹ̀ kò ṣí. Awakọ̀ tírélà kan tó máa ń kó ẹrù wá sí ilé iṣẹ́ wa ní tírélà òun ni kí n ṣe fún ọjọ́ ìbí òun. Nígbà tí mo gbé e dé, ó yí i po, ó tún yí i po, ó ní sípíà táyà dà? Mo ní ó wà nínú ikùn kéèkì. Ó gbà mí gbọ́, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n rọra jẹ ẹ́.

Síbẹ̀, nínú gbogbo wọn, kò sí oníbàárà tó dà bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Bọ̀dá ni mò ń pè wọ́n. N ó sì máa bọ̀wọ̀ fún wọn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé Màámi tọ́ mi dáadáa, kì í ṣe nítorí pé ó tọ́ sí Bọ̀dá.

Màámi fẹ́ pé àádọ́rin ọdún. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní Ìsẹ́yìn wá sí Èkó ni wọ́n ti ń ta ike ní Òṣòdì: bọ́kẹ́ẹ̀tì, abọ́, àga ike, àti bùtà tí àwa Mùsùlùmí fi ń ṣe àlùwàlá. Ìyá Oníke ni gbogbo ọjà mọ̀ wọ́n sí. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi rárá, ṣùgbọ́n ó kọjú sí títì, ó sì ti pẹ́ tí ojú Bọ̀dá ti wà lára rẹ̀. Wọ́n fẹ́ fi gíláàsì sí iwájú rẹ̀, kí wọ́n máa ta fóònù níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bọ̀dá wá sílé mi. Wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, wọ́n yìn mí. Bí Bọ̀dá bá ti ń yìn mí, mo máa ń di nǹkan mi mú.

"Kéèkì ọjọ́ ìbí Màámi, ìwọ lo máa ṣe é o," wọ́n ní. "Ṣọ́ọ̀bù wọn ni kí o ṣe. Ṣùgbọ́n kí o tì í pa."

"Kí n tì í pa báwo, Bọ̀dá?"

"Fa ilẹ̀kùn páànù yẹn wálẹ̀. Fi àgádágodo ńlá sí i, kí gbogbo èèyàn rí i. Kí o wá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn pé, Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ sinmi."

Mo ní ṣé Màámi ti sọ pé àwọn fẹ́ sinmi ni? Bọ̀dá wo òkè àjà. Wọ́n ní àwọn kò tíì bá Màámi sọ ọ́, pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu. Ẹ gbọ́ mi o! Ọkùnrin tó fẹ́ pé àádọ́ta ọdún, tó ń jágbe mọ́ gbogbo ayé, ẹ̀rù ìyá tó bí wọn ló ń bà wọ́n. Wọ́n wá fẹ́ kí ìyẹ̀fun àti ẹyin bá àwọn jíṣẹ́. Àrokò ni wọ́n fẹ́ fi kéèkì mi pa.

Wọ́n sì ti rò ó dé òpin. Tí a bá ti gbé kéèkì jáde, Ààfáà yóò ṣàdúà pé kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí ìsinmi náà. Gbogbo ilé yóò ṣe àmín, Màámi náà yóò ṣe àmín. Ta ló máa ń jiyàn lẹ́yìn tó bá ti ṣe àmín lójú Ààfáà? Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà yóò gbé gíláàsì dé.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bà mí ju ìbínú náà lọ. Mo rántí Bàbá wa. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, gbogbo wa yọ̀ mọ́ wọn, a sì ra àga onítìmùtìmù kan fún wọn. Wọ́n jókòó sí i. Díẹ̀díẹ̀, wọn kò bèèrè ohun tí a sè mọ́, wọn kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Kò pẹ́ tó fi ku àga nìkan. Àga náà ṣì wà ní pálọ̀ Màámi títí dòní, èmi kì í sì í jókòó sí i.

Mo pinnu pé màá sọ fún Màámi. Nígbà tí mo kúrò níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo gba Òṣòdì lọ. Màámi wà lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lára okùn tí wọ́n so mọ́ ìdí ìró, wọ́n sì ń bá oníbàárà kan fa ọ̀rọ̀. Obìnrin náà ní bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn fúyẹ́ jù.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì lo wá rà àbí òkúta?" Màámi bi í.

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ra méjì. Mo la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Mo wo ojú Màámi tó ń dán, mo tún pa ẹnu dé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Pé Màámi, ọmọ yín fẹ́ tì yín mọ́lé?

"Kí lò ń wò lára ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni fẹ́ gbà á?" Màámi ní.

"Kéèkì yín ni, Màámi. Ṣọ́ọ̀bù yín ni mo fẹ́ ṣe."

"Kéèkì oníke! O ò ní pa mí. Má gbàgbé bùtà mi o. Bùtà ni mo kọ́kọ́ tà níbí. Kí kéèkì yẹn má sì gbẹ. Èyí tí o ṣe nígbà Iléyá, omi ni mo fi tì í."

Bí mo ṣe padà sílé nìyẹn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo gbé lọ nínú mi, àti èébú lórí rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ṣe kéèkì náà ni wọ́n mú iná lọ láàárọ̀. Ṣúgà kì í fẹ́ ooru, ó máa ń làágùn. Mo tan jẹnẹrétọ̀ nítorí fáànù, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó wúkọ́, ó kú. Bọ̀dá wá ń pè mí ṣáá. Ṣé àgádágodo náà tóbi? Mo ní ó tóbi. Wọ́n ní kí n fi kún un. Mo fi kún un. Wọ́n tún pè. Nígbà tí mo fi parí, àgádágodo náà fẹ́ẹ̀ ga tó ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé owó báńkì ni Màámi ń kó pa mọ́ síbẹ̀, kì í ṣe pọ̀ọ́ ọmọdé.

Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe ṣọ́ọ̀bù òfìfo. Ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Kí n tó fa ilẹ̀kùn wálẹ̀, mo gbẹ́ inú kéèkì náà, mo to àwọn bọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké sí i, pupa, yẹ́lò, gíríìnì, òmíràn kò ju èékánná lọ. Mo to bùtà aláwọ̀ búlúù síwájú. Mo fi ṣúgà mọ Màámi, mo gbé wọn jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sí ìdí ìró wọn. Lẹ́yìn náà ni mo fi ṣúgà pẹrẹsẹ dí ojú rẹ̀ pa bí Bọ̀dá ṣe wí, mo kọ ọ̀rọ̀ wọn sí i, mo lẹ àgádágodo mọ́ ọn. Mo ní nígbà tí wọ́n bá ki ọ̀bẹ bọ̀ ọ́, ó kéré tán, wọn yóò rí ẹni tí wọ́n ń gé.

Ọjọ́ náà pé. Lẹ́yìn ìrun Alásàrì, pálọ̀ Màámi ní Ìsọlọ̀ kún. Bọ̀dá wọ agbádá funfun tó tóbi tó láti fi ṣe kọ́tìnnì. Wọ́n ti fa àga Bàbá sí àárín, wọ́n ní kí Màámi jókòó sí i. Màámi ní àwọn fẹ́ràn kí àwọn dúró. Bọ̀dá sọ̀rọ̀ nípa ìyá títí, ìyàwó wọn ń nu ojú tí kò ní omijé. Ìgbà náà ni Bọ̀dá ṣẹ́jú sí mi, mo sì gbé kéèkì jáde.

Gbogbo èèyàn pariwo, "Há!" Màámi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó.

"Ta ló ti ṣọ́ọ̀bù mi pa?"

Bọ̀dá wú ikọ́. "Màámi, ìsinmi ni. Àwa ọmọ ní ó ti tó kí ẹ sinmi. Ààfáà, ẹ bá wa fi àdúà sí i."

Ààfáà ti gbé ọwọ́ sókè.

"Ààfáà, ẹ dúró ná," Màámi ní. "Ṣé ẹ fẹ́ ṣàdúà sí nǹkan tí a ò tíì tọ́ wò ni?"

Màámi na ọwọ́, wọ́n ṣí àgádágodo náà kúrò, wọ́n sì gé e jẹ. Ó tóbi, ó sì le, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n jẹ ẹ́ tán. Gbogbo wa dúró, à ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rún un wómúwómú.

"Ó dùn," wọ́n ní. Wọ́n ki ìka bọ abẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n ṣí i kúrò tòun ti ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, wọ́n ká a, wọ́n fi lé Ààfáà lọ́wọ́. Ààfáà kò fẹ́ wàhálà. Wọ́n jẹ ẹ́.

Ìgbà náà ni Màámi rí ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n wò ó pẹ́. "Èyí ni mo mọ̀," wọ́n ní, wọ́n sì wo ọ̀dọ̀ mi. Omi bọ́ lójú mi, n kò purọ́.

Bọ̀dá yíjú sí mi. "Ìwọ! Ṣé bí mo ṣe ní kí o ṣe é nìyí?"

"Bọ̀dá, ẹ ní kí n tì í, mo tì í. Ẹ ò ní kí n kó ọjà jáde."

Ẹnì kan mú ọ̀bẹ wá, Màámi ní kí ó gbé e padà. Ọwọ́ ni wọ́n fi pín ọjà wọn, bọ́kẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ, abọ́ fún àwọn ìyàwó, wọ́n sì ń bi olúkúlùkù bóyá tirẹ̀ fúyẹ́ jù. Nígbà tó kan Bọ̀dá, wọ́n mú bùtà búlúù kan, wọ́n fi sí àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Gbà. Ó ti fẹ́ tó Màgàríbì, lọ ṣe àlùwàlá. Káfíńtà rẹ tó wá wọn ojú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́sí, ó gbàgbé téèpù rẹ̀ sọ́dọ̀ mi. Sọ fún un kó wá gbà á. Mo máa wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́la."

Bọ̀dá kò lè jẹ ẹ́, wọn kò sì lè sọ ọ́ nù lójú Màámi. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Bàbá, bùtà náà ń yọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọ̀ búlúù rẹ̀ sì ń kán sára agbádá funfun náà.