Àgbàdo Màmá Láàárín Àgbàdo Ìwádìí Mi

Èmi tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu mi, mo sunkún nítorí ìlà kan lórí kọ̀ǹpútà.

Iṣẹ́ ìwádìí mi ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ nìyí: mo fẹ́ mọ ibi tí gíga àgbàdo fara pamọ́ sí. Nínú gbogbo hóró ni okùn ìran wà, èyí tí àgbàdo jogún lọ́dọ̀ òbí. Mo mú àgbàdo gíga àti kúkúrú, mo so ìran wọn pọ̀, mo gbin àwọn ọmọ-ọmọ wọn sí oko ìyá ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, ní Oǹdó. Mo so nọ́ńbà mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì já ewé kékeré lára rẹ̀ láti ka okùn ìran rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà tán, mo fi tépù wọn gíga wọn. Kọ̀ǹpútà wá ń yẹ okùn náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: àwọn tó jogún ibí yìí lọ́dọ̀ òbí gíga, ṣé wọ́n ga ju àwọn yòókù lọ lóòótọ́, àbí ó kàn ṣe kòńgẹ́? Níbi tó bá ti jẹ́ òótọ́, ìlà á gòkè. Ká lè mọ ibi tí kòńgẹ́ lásán lè gbé ìlà dé, a máa ń da gíga wọn rú, a ó sì tún un pín fún wọn láìwo nọ́ńbà, nígbà àìmọye. Ìlà tòótọ́ gbọ́dọ̀ ga jùyẹn lọ.

Ìlà tèmi sùn gbalaja. "Bí kò bá gòkè, wàá tún gbìn lọ́dún tó ń bọ̀," ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wí.

Mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó, mo lọ sunkún lọ́rùn Màmá.

"Ọma mi, kí ló dé? Àwọn tèmi mà ṣe dáadáa."

"Tiyín báwo, Màmá?"

Àṣé lẹ́yìn tí mo já ewé tán, ìrẹ̀ gé púpọ̀ nínú wọn. Màmá, tí kò lè rí àlàfo lóko kó sùn, fi irúgbìn tirẹ̀ dí gbogbo ẹ̀, ó sì rọra so nọ́ńbà mi mọ́ tuntun. Ewé òkú ni mo kà, gíga ti Màmá ni mo wọ̀n! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Pòròpórò ṣì dúró lóko. Màmá gba àárín poro lọ, ó ń nàka: "Tèmi. Tìẹ. Tèmi." Kò ṣiyè méjì rárá.

Mo yọ gbogbo tirẹ̀ kúrò, mo tún iṣẹ́ náà ṣe. Ìlà gòkè, ó fo kòńgẹ́ kọjá! Mo pariwo, mo jó yí ọ́fíìsì ọ̀gá mi ká. Òun ò jó.

"Ṣé kì í ṣe èyí tí kò bá ẹ lára mu lo yọ?"

Ó pe Màmá fúnra rẹ̀, ó bi í léèrè tinú tẹ̀yìn. Màmá kò mọ ohun tí mo kà, kò mọ ohun tí mo wọ̀n, ohun tó gbìn nìkan ló mọ̀. Ìyẹn ló gbà mí là. Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ṣé, Màmá. Ó ti parí. Kò ní tún gbìn mọ́."

Màmá dáhùn: "Ó dáa, tíṣà. Ta ni yóò wá máa wá kí mi báyìí?"

Mo gba fóònù, ẹ̀rín lẹ́nu, omi lójú. "Èmi náà ni, Màmá."

N kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lóko mọ́, ṣùgbọ́n mo lọ ní Sátidé.